Ẹ Dí Ògiri Tí Ó Lanu



Nígbà tí a bá kúnlẹ̀ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí a sì ka àdúrà ìrònúpìwàdà, ohun mẹ́ta ni a ń sọ fún Ọlọ́run. A ń sọ pé ọkàn wa bàjẹ́ nítorí pé a ṣẹ̀ Ẹ́. A ń sọ pé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ oore-ọ̀fẹ́ Rẹ̀, a kò ní í dẹ́ṣẹ̀ mọ́. A sì ń sọ pé a óò yẹra fún ohun gbogbo tí ó lè tún fà wá padà sínú ẹ̀ṣẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ máa ń ti inú wa wá, èkejì náà sì ni a máa ń sọ tọkàntọkàn ní wákàtí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni a máa ń sáré kà kọjá, bí ẹni tí ó ń fo ọ̀gọ̀dọ̀ lójú ọ̀nà. A ti mú un bí ìparí àdúrà lásán, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́ tí ó dúró dè wá ní òde ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbìmọ̀ Mímọ́ ti Trent kọ́ wa ní ọdún 1551 pé ìkáàánú ẹ̀ṣẹ̀ tòótọ́ kò lè wà láìsí ìpinnu láti má ṣe dẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi yín lónìí ni pé: ìpinnu tí kò yí nǹkan kan padà nínú ilé wa, tí kò sì yí nǹkan kan padà nínú ìrìn wa, irú ìpinnu wo ni?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mo ń sọ o. Èdìdì wà lẹ́nu àlùfáà lórí ohun tí ó bá gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́, n kò sì ní í já a. Irú ọkùnrin tí gbogbo wa mọ̀ ni mo ń sọ, bóyá èmi, bóyá ìwọ tí ń ka ìwé yìí. Ní ọjọ́ Sátidé ó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìmutípara. Ó sunkún, ẹkún náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ní ọjọ́ Àìkú ó gba Ara Olúwa. Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí iṣẹ́ parí, ó gba ọ̀nà tí ó máa ń gbà, ní aago tí ó máa ń gbà á, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ máa ń rìn, owó ojúmọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀nà náà gba iwájú ilé ọtí kọjá. Àga tí ó máa ń jókòó lé ti wà ní ìta, ẹni tí ń tajà sì ti mọ irú èyí tí ó máa ń mu kí ó tó sọ̀rọ̀. Ará mi, kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Ó ti yí ọkàn rẹ̀ padà ní Sátidé, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀nà rẹ̀ padà ní ọjọ́ Ajé.

Yóò tún padà wá ní Sátidé kejì pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ní Sátidé kẹta pẹ̀lú. Bí ó bá pẹ́, ìtìjú rẹ̀ yóò di àìnírètí, yóò máa wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ọlọ́run kò gbọ́ tèmi, kí ni mo tún ń wá lọ ṣe níbẹ̀?” Ọtí kọ́ ni ó burú jù nínú ìtàn yìí. Ọjọ́ tí ó bá pinnu pé òun kò ní í wá kúnlẹ̀ mọ́ ni ó burú jù.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwa a máa fi ìgbálẹ̀ lé aláǹgbá kiri ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́, a óò lé e títí a óò fi làágùn, ṣùgbọ́n a kò ní í po amọ̀ láti fi dí ibi tí ó ń gbà wọlé.

Augustine Mímọ́, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà bíi tiwa, tí a bí ní Tagaste ní ọdún 354, mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú egungun. Nínú ìwé tí ó fi jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀, ó fi àṣà wé ẹ̀wọ̀n tí a rọ ní ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì gbà pé kò sí ẹlòmíràn tí ó so ó mọ́ òun lọ́rùn bí kò ṣe ìfẹ́ inú òun fúnra òun. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alypius ni mo fẹ́ràn jù láti máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Alypius lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Róòmù. Ó kórìíra eré tí àwọn ará Róòmù máa ń lọ wò, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi idà pa ara wọn fún ìgbádùn àwọn òǹwòran. Ní ọjọ́ kan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi tipátipá wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọkàn balẹ̀: ara òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀, ojú àti ọkàn òun kò ní í sí níbẹ̀. Ó jókòó, ó sì di ojú rẹ̀ pinpin. Ṣùgbọ́n kò di etí. Ẹnì kan ṣubú nínú ìjà náà, gbogbo àwùjọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, Alypius sì la ojú, kìkì láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó sì kẹ́gàn rẹ̀. Kò dí ojú náà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, òun tí wọ́n wọ́ wá ni ó ń wọ́ àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ẹ má ṣe rò pé òpònú ni o. Alypius yìí kan náà ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Tagaste lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Ìjọ sì ka òun náà mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Kò sí ohun tí ó ṣe ìpinnu rẹ̀. Ibi tí ó gbé e jókòó sí ni kò dára.

Ẹnì kan lè wí pé, “Fádà, ṣé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kò wá tó fún wa ni, tí a ó fi máa ṣírò ọ̀nà àti àga?” Ó tó, ó sì kù. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún ọ ní ọgbọ́n láti rí ihò tí ó wà lára ògiri, bí kì í bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ náà? Jósẹ́fù kò dúró bá aya Pọ́tífárì jiyàn nínú yàrá. Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì sá jáde. Àwọn ará Éfésù tí wọ́n ti ń ṣe idán kí wọ́n tó gba Olúwa gbọ́ kò kó ìwé idán wọn pamọ́ sínú àjà pé àwọn kò kúkú ní í ṣí i mọ́. Wọ́n kó wọn jáde, wọ́n dáná sun wọ́n lójú gbogbo ènìyàn, iye owó wọn sì jẹ́ 50,000 ẹyọ fàdákà, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ti ròyìn rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí nígbàkúùgbà tí mo bá ka iye owó yẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a wò pẹ́ títí lónìí kì í ṣe ará àtijọ́. Ilẹ̀ Ireland ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fádà tí ó kọ́ àwọn bàbá wa ní katikísìmù ní apá ìhín ti wá, Dublin tí í ṣe olú-ìlú rẹ̀ ni Lẹ́gíọ̀nì Màríà sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921. Ní Dublin yìí ni a bí Matt Talbot sí ní ọdún 1856, sínú ilé òtòṣì tí ọmọ pọ̀ sí. Kò lọ sí ilé-ìwé pẹ́. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ọtí, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ìgò. (Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣàkíyèsí ibi tí a gbé ọmọ náà sí.) Kò pẹ́ tí ọtí fi gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 16, owó iṣẹ́ rẹ̀ ń ti ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọlọ́tí. Ó fi bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dógò. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ jí gòjé ọkùnrin kan tí ń ti ara orin kíkọ lójú pópó jẹun, wọ́n sì fi owó rẹ̀ mutí.

Ní Sátidé kan ní ọdún 1884, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 28, kò ní owó lọ́wọ́, nítorí pé kò lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó lọ dúró ní orígun òpópónà, ó ń retí pé àwọn ọ̀rẹ́ tí òun ti ń ra ọtí fún yóò pe òun wọlé. Wọ́n ń kọjá, wọ́n sì ń kí i. Kò sí ẹni tí ó pè é. Ó padà sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í mutí mọ́. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Clonliffe, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Kò jẹ́jẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó rò pé òun lè gbé.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ yẹn kí òun tó jẹ́ ẹ, wọ́n sì já a kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Kí ni ó mú tirẹ̀ yàtọ̀? Ẹ wo ohun tí ó ṣe sí àwọn wákàtí rẹ̀. Ó ń jí ní ìdájí, ó ń lọ sí Mísà aago márùn-ún kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Wákàtí tí ó léwu jù fún un, èyíinì ni ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ya ilé ọtí, ni ó mú lọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò rìn lọ síbẹ̀, yóò kúnlẹ̀ síwájú Sákírámẹ́ńtì Mímọ́ títí aago yẹn yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti owó. Wọ́n ròyìn pé ní ọjọ́ kan agara dá a, ó sì wọ ilé ọtí pẹ̀lú owó nínú àpò. Ó dúró, ó dúró, ọwọ́ ẹni tí ń tajà dí, kò dá a lóhùn. Inú bí i, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. (Èmi gbà pé Ọlọ́run ni ó fọwọ́ bo ojú ọlọ́tí náà ní ọjọ́ yẹn.) Láti ìgbà náà ó pinnu pé òun kò ní í gbé owó sápò mọ́ bí òun bá ń jáde. Oṣù mẹ́ta pé, ó tún ẹ̀jẹ́ náà jẹ́, títí ó fi jẹ́ ẹ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó gbé ọdún 41 láìfi ẹnu kan ọtí. Ní ọdún 1975 Póòpù Paul Kẹfà kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹni Ọ̀wọ̀, ìpele kan lójú ọ̀nà tí Ìjọ ń gbà ka ènìyàn mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

Ará, ọkùnrin yìí kò gbẹ́kẹ̀lé agbára ìpinnu rẹ̀ rárá. Ó mọ̀ pé bí ọgbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ṣe ni ìpinnu òun rí. Ewúrẹ́ kan péré lè wó o. Nítorí náà ó fi àpò òfìfo sí àárín ara rẹ̀ àti ọtí, ó fi ìrìn ẹsẹ̀ sí i, ó sì fi wákàtí tí ó ti ṣèlérí fún Ọlọ́run sí i.

Ẹ sì kíyè sí i pé kò fi wákàtí náà sílẹ̀ lófìfo. Olúwa wa sọ ìtàn ẹ̀mí àìmọ́ tí ó jáde kúrò nínú ènìyàn, tí ó padà tí ó bá ilé náà ní gbígbá mọ́, tí a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Ó lọ mú ẹ̀mí méje mìíràn tí ó burú jù ú lọ wá, ìkẹyìn ọkùnrin náà sì burú ju ti ìṣáájú lọ. Ìyá tí ó bá gbàdúrà pé kí òun jáwọ́ nínú ṣíṣe òfófó, tí ó sì ń lọ jókòó sí iwájú ìsọ̀ kan náà ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ láìmú iṣẹ́ kankan lọ́wọ́, ilé tí a gbá tí a kò gbé inú rẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí yóò fi aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé ṣe, ilé òfìfo ni òun náà.

Ìjọ Mímọ́, tí í ṣe ìyá wa, ti mọ ọgbọ́n yìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ni agogo Áńjẹ́lúsì ń ṣe ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, bí kò ṣe pé ó ń rán ẹni tí ó lè gbàgbé létí? Omi mímọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà kí ọwọ́ wa lè bá a kí ọkàn wa tó rántí. Nínú Òfin tí Benedict Mímọ́ kọ fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-anìkàngbé ní ọ̀rúndún kẹfà, orí kejìlélógún sọ bí wọn yóò ti máa sùn: kí wọ́n sùn pẹ̀lú aṣọ àti àmùrè lára kí wọ́n lè tètè dìde bí agogo bá dún, kí àbẹ́là máa jó nínú yàrá títí di òwúrọ̀, kí a má ṣe to ibùsùn àwọn ọ̀dọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a pín wọn sáàárín àwọn àgbà. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n máa fi pẹ̀lẹ́tù gba ara wọn níyànjú ní ìdájí, nítorí pé ẹni tí oorun ń kùn kì í ṣe aláìní àwáwí. Ẹni mímọ́ ńlá ni Benedict, síbẹ̀ kò rò pé ètò ibùsùn kéré jù fún òun láti kọ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi ń bà ní òwúrọ̀ ni fóònù. Lórí àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi ni ó ń sùn. Kí n tó parí ìròyìn tí mo ń kà àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́, oòrùn á ti yọ, àdúrà òwúrọ̀ tí Ìjọ fi lé àlùfáà lọ́wọ́ á sì di ohun tí mo ń sáré kà bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ní àwáwí tí ó dára: a lè pè mí lóru láti lọ fi òróró mímọ́ yan aláìsàn. Nígbà tí ó yá, mo gbé fóònù náà lọ sórí tábìlì ní pálọ̀, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa, mo ra aago tí ń dún lọ́jà, mo sì gbé ìwé àdúrà sórí àga náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń táràrà lórí àga bí ọwọ́ afọ́jú, ìwé àdúrà ni ó sì ń bá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jí lóru lọ gbé fóònù padà wá pẹ̀lú àwáwí tí ojú ń tì mí láti kọ síbí. Ṣùgbọ́n ní òru kan tí wọ́n pè mí nítorí ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń kú lọ, mo gbọ́ ọ, mo sì ti wà lórí ẹsẹ̀ mi kí n tó sọ pé “ẹ ǹlẹ́ o”.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ni ó ní pálọ̀ tí a lè gbé nǹkan lọ. Ẹni márùn-ún ń sùn nínú yàrá kan. Ọmọ-iṣẹ́ kò lè yan ilé ọ̀gá rẹ̀. Opó tí ń ta ọtí láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ kò lè ti ìsọ̀ pa ní ọ̀la. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ni nínú Ìjọ ti mọ̀ pé ohun tí ó ń fà wá sínú ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí a lè sá fún, òmíràn sì wà tí a kò lè sá fún. Èyí tí a lè sá fún, dandan ni kí a sá. Èyí tí a kò lè sá fún, kí a sọ agbára rẹ̀ di aláìlera. Ìṣó kan lára ògiri tí a fi Rósárì kọ́ kì í gba àyè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àwọn yòókù tó jí kì í ná wa ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ni ó sì ń dùn mí jù. Àwa fúnra wa ni a jẹ́ ògiri fún ara wa. Àwọn ọ̀rẹ́ Matt Talbot kò pè é wọlé ní ọjọ́ yẹn, ahun wọn sì di ìbùkún fún un láìmọ̀. Àwa, ọ̀làwọ́ ni wá. Níbi ìkómọjáde, níbi ìsìnkú, níbi ìgbéyàwó, bí ẹnì kan bá ní òun kò mu, a kì í jẹ́ kí ó sinmi: “Ẹyọ kan péré! Ṣé o fẹ́ bá wa ṣe ọ̀tá ni?” A ń rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé Sátidé àná ni ó sunkún níwájú Ọlọ́run. Ẹ fi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé omi tútù fún un, kí ẹ má sì bi í ní ìdí. Bí ọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bá sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, má ṣe gbà á nímọ̀ràn mọ́. Ìmọ̀ràn ti sú u. Lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ jọ gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé.

Ní ọ̀sán Sátidé tí ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá wá fún ìjẹ́wọ́, ẹ má ṣe dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ nìkan kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ aago tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ àti ibi tí ẹ máa ń wà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín, àti èyí tí ó wà nínú àpò. Bí àlùfáà bá sì ní kí o máa gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú Rósárì lọ́wọ́, má ṣe rò pé eré ni ó ń bá ọ ṣe.